Bí wọ́n ṣe ń fi CBT wo PTSD, àti ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Oṣù mẹ́jọ gbáko lẹ́yìn tí mọ́tò kan já wọ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò wa ní oríta kan, mi ò gba ibẹ̀ mọ́. Mo máa ń yípo ni, ibi tó yẹ kí n dé ní ìṣẹ́jú 10 á di ogójì, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọgbọ́n ni mò ń dá. Àṣé ṣe ni mò ń tọ́ ẹ̀rù yẹn dàgbà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti yà, ara á tù mí díẹ̀, ìtura yẹn gan-an ló ń kọ́ ọpọlọ mi pé ṣé o rí i, sísá tí o sá ló gbà ọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí orí ẹ̀ ni gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ nípa CBT yìí, ìyẹn ìtọ́jú tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti yí èrò àti ìṣe ẹ̀ padà, dá lé: PTSD, ìdààmú ọpọlọ tí ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú máa ń fi sílẹ̀ sára èèyàn, ń gba agbára látinú sísá, ìtọ́jú ẹ̀ sì ni kéèyàn yíjú padà, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ètò.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí ló ní PTSD o. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìkejì, kéèyàn má rí oorun sùn, kó máa ta gìrì, kó kàn ṣàdédé bú sẹ́kún, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bọ̀ sípò nínú ẹ̀ fúnra wọn. Ó gbọ́dọ̀ ti ju oṣù kan lọ kí dókítà tó fún un ní orúkọ yẹn. Ohun tí wọ́n ń wò ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó ń padà wá láìpè, yálà lójú oorun tàbí lọ́sàn-án gangan bí ẹni pé ó tún ń ṣẹlẹ̀. Sísá fún ohunkóhun tó bá jọ ọ́. Èrò tó ti dojú rú nípa ara ẹni àti nípa ayé. Àti ara tí kì í balẹ̀, kí wọ́n gbá ilẹ̀kùn báyìí kẹ́ ẹ ti fò dìde. Ìwé ìbéèrè kan wà tó ń jẹ́ PCL-5, ìbéèrè 20 ló wà níbẹ̀, ẹ máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 dé 4, bó ṣe ń dà yín láàmú tó. Ẹ dáhùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tún máa dáhùn ẹ̀ bí ìtọ́jú ṣe ń lọ. Òun kọ́ ló máa sọ pé ẹ ní in tàbí ẹ ò ní in, dókítà ló máa sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá ń ṣe yín bíi pé nǹkan kan ò yí padà, nọ́ńbà yẹn lè bá yín jiyàn.

Ó kàn, ẹ wá tẹ́rápíìsì, ìyẹn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe ìtọ́jú, tó mọ iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹ má tijú, ẹ bi í tààrà pé ṣé CPT (Cognitive Processing Therapy) lẹ máa ń ṣe ni àbí PE (Prolonged Exposure)? Inú agbo CBT kan náà ni àwọn méjèèjì wà. CPT, tí Patricia Resick gbé kalẹ̀, ìjókòó 12 ló sábà máa ń gbà, èrò tó há síbì kan ni wọ́n ń bá jà níbẹ̀. PE, ti Edna Foa, máa ń gbà tó 8 sí 15, ìjókòó kan lè tó ìṣẹ́jú 90, ohun tí ẹ̀ ń sá fún gan-an ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ kojú. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó jẹ́ pé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ẹ kàn ń jókòó sọ bí nǹkan ṣe ń lọ, kò fún yín níṣẹ́ àmúrelé, kò béèrè ohun tí ẹ̀ ń sá fún, èèyàn dáadáa lè ni o, àmọ́ kì í ṣe CBT lẹ̀ ń gbà yẹn.

Ẹ wá jẹ́ n ṣàlàyé ìwé èrò, torí òun lèmi gbà pé ó ṣiṣẹ́ jù fún mi. Ẹ fa ìlà sórí pépà kó pín sí mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí mo sọ fún ara mi, bó ṣe rí lára mi. Tèmi, ẹ̀gbọ́n mi ló ń wakọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló kán. Nínú ilé kejì mo kọ ọ́ pé, "Ká ní mo ti pariwo ni, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò ní kán." Ilé kẹta: ẹ̀bi, 90 nínú 100. Tẹ́rápíìsì mi ò sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀bi yín o, gbogbo èèyàn ti sọ ìyẹn fún mi tẹ́lẹ̀ kò sì wọ̀ mí létí. Ṣe ló ní, láti ìgbà tẹ́ ẹ ti rí mọ́tò yẹn sí ìgbà tó kọlù yín, ó tó ìgbà wo? Mo ní bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ní, kí lẹ mọ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn, ẹ má sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ lónìí fún mi o. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò rí èsì fọ̀. Gbólóhùn tuntun tí mo wá kọ ò dùn rárá: "Mo rí i, àyè pípariwo ò sí." Ẹ̀bi já sí 40. Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò kọ "gbogbo nǹkan máa dáa" síbẹ̀, torí ọpọlọ mọ irọ́ tẹ́ ẹ bá pa fún un. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ, kódà tó bá korò díẹ̀. Ìwé kan lójúmọ́ ti tó, ibi tẹ́ ẹ bá sì ti rí "ó yẹ kí n ti", "kò sẹ́ni tó ṣeé fọkàn tán", "títí láé", ẹ fàlà sí i nídìí.

Lẹ́yìn náà ni àkàbà. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ̀ ń sá fún, kẹ́ ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti 0 dé 100 bí ẹ̀rù ẹ̀ ṣe tó. Tèmi: kí n jókòó nínú mọ́tò tó dúró jẹ́ẹ́, 40. Kí n máa wo fọ́tò oríta yẹn, 50. Kí n dúró lẹ́bàá ẹ̀ lórí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn, 70. Kí n fúnra mi wakọ̀ kọjá níbẹ̀ nígbà tí mọ́tò pọ̀, 95. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 40 tàbí 50, ẹ má lọ kó sí 95 lọ́jọ́ àkọ́kọ́ torí pé ẹ fẹ́ ṣe akin. Ẹ dúró síbẹ̀ tó ìṣẹ́jú 30 sí 45, tàbí títí nọ́ńbà yẹn á fi wálẹ̀ dé bí ìdajì, ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tún padà lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé ara wọn wà níbẹ̀ àmọ́ ọkàn wọn ti sá lọ: wọ́n ki orin bọ etí, wọ́n ń tẹ fóònù, wọ́n mu ọtí díẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Sísá náà nìyẹn. Ohun tí ò léwu mọ́ nìkan ló sì yẹ kó wọ inú àkàbà yẹn o, ẹ má fi ẹni tó ṣe yín léṣe síbẹ̀.

Èyí tó kù, ẹ má dá a ṣe, ọ̀dọ̀ tẹ́rápíìsì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Ẹ máa dijú, ẹ máa sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, "mò ń rí iná mọ́tò ẹ̀, mò ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó", wọ́n á ká ohùn yín sílẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ nílé lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìyà. Ìgbà àkọ́kọ́ mo gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, nígbà tó fi máa di ìgbà kẹfà mò ń gbọ́ ohùn ara mi, mo sì ń rò ó pé ọ̀rọ̀ mi mà gùn o. Àwọn ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, àlá burúkú lè pọ̀ sí i, ẹ sọ fún tẹ́rápíìsì yín, ẹ má sá lọ nítorí ẹ̀.

Oògùn ńkọ́? Dókítà lè kọ sertraline tàbí paroxetine mọ́ ọn, kò burú rárá. Àwọn oògùn tó ń mú kí ara rọlẹ̀ bíi diazepam ni kẹ́ ẹ má fi ṣe ìtọ́jú PTSD, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ ẹ má dá a dúró lójijì, ẹ jẹ́ kí dókítà dín in kù fún yín. Tó bá jẹ́ pé ewu náà ò tíì kúrò lórí yín, ààbò ló kọ́kọ́ kàn. Tó bá sì ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ pa ara yín, ẹ gbàgbé ìwé àti àkàbà, ẹ sọ fún ẹnì kan báyìí báyìí kó tẹ̀ lé yín lọ sí hósípítù.

Ọjọ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bá pé ọdún, ara lè tún ṣe bákan, ẹ kàn fa ìwé èrò yẹn jáde padà. Èmi, mò ń wakọ̀ kọjá ní oríta yẹn báyìí, mo ṣì máa ń wo apá òsì lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́rápíìsì mi ní ẹ̀ẹ̀mejì ò burú, ẹ̀ẹ̀mẹfà tí mò ń wò tẹ́lẹ̀ lòun ò gbà.