Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀rọ Àtì Onítáyà fún Eré Ìdárayá Nílé

Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ àtì onítáyà, ìyẹn ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ táyà tí à ń tì síwájú láti fi ṣe eré ìdárayá, ẹ wọn gígùn ibi tí ẹ ó ti máa tì í, nítorí pé nínú àgbàlá kékeré, yíyí i padà ni yóò gba àkókò yín. Bíréèkì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú kó ṣòro láti tì, ni kí ẹ yẹ̀ wò jù: èyí tó ń lo òòfà máa ń le sí i bí ẹ bá ṣe ń sáré sí i, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ to irin rẹpẹtẹ lé e kó tó wúwo láti tì. Ẹ tì í wò lórí sìmẹ́ǹtì bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú. Bí táyà bá ń wọ́ nílẹ̀ láìyí, ẹ fi irin díẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń mì, ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó.