Híńjì láptọ́ọ̀pù mi ya lẹ́yìn tí wáráńtì parí: bí mo ṣe tún un ṣe

Ìwé ètò ìsìnkú màmá àgbà kan ní Òkè-Àró, l'Ákùúrẹ́ níbí, ni mo ń tò lọ́jọ́ náà, ojú ewé 24, ní Ọjọ́rú. Wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi ní Ọjọ́bọ̀ nítorí àìsùn ọjọ́ Ẹtì. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù mi bí mo ṣe máa ń ṣí i, ó dún “pá!” bí igi ìdáná gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́ lórí orúnkún. Àyà mi já. Mo rò pé ojú rẹ̀ ló fọ́. Ojú rẹ̀ kò fọ́, iná rẹ̀ ṣì ń tàn, àmọ́ igun ẹ̀yìn lápá òsì ti yanu. Ike òkè àti ike ìsàlẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀, mo sì ń wo irin híńjì, èyí tó so ojú rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ tó sì ń jẹ́ kó ṣeé ṣí, nínú lọ́hùn-ún.

N kò lè purọ́ pé n kò rí àmì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí igun yẹn ti ń gbéra díẹ̀ bí mo bá ń ṣí i, tó sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Mo kàn gé sẹ́lótéèpù, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ẹni tó di egbò láìwẹ̀ ẹ́, ẹ mọ ohun tó ń retí.

Mo fi agolo mílíìkì ńlá ti ojú rẹ̀ lẹ́yìn kó má baà ṣubú, mo tẹ iṣẹ́ náà tán ní aago méjì òru. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á ní òpópónà Ọba Adésídà. Tuntun ni mo rà á o, kì í ṣe tòkunbọ̀. Oṣù Kejì ọdún 2023 ni, wáráńtì oṣù 12 ló wà lórí rẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ló wá ya. Oṣù méjì péré ló fi kọjá.

Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀.

“Àǹtí, ó jábọ́ lọ́wọ́ yín nìyí.”

“Àbúrò, kò jábọ́ rí. Wo ara rẹ̀, ibo ló ti ha?”

“Bí gbogbo àwọn tó ń gbé e wá ṣe máa ń sọ nìyẹn, mà.”

“Gbogbo wọn? Ṣé wọ́n pọ̀ ni?”

Kò dá mi lóhùn mọ́. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà fi pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní wáráńtì ti parí, pé ká tiẹ̀ ní kò tíì parí, àfọwọ́fà ẹni tó ń lò ó ni wọ́n máa ń ka híńjì sí. Bí mo bá fẹ́, wọ́n á pààrọ̀ odidi ike òkè pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù ara rẹ̀, ₦95,000. Mo dúpẹ́, mo gbé ẹrù mi.

Bí ebi ò bá pa èèyàn, kì í jẹ iṣu àná. Iṣẹ́ ń dúró dè mí, ni mo bá yà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní ọ̀nà Arákálẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú ogún tó fi parí. Ó da súpà gílúù sí i, ó wọ́n páúdà funfun kan lé e (lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì ni), èéfín rú díẹ̀, ó le bí òkúta. Ó gba ₦7,000. Mo yìn ín. Ọjọ́ kẹsàn-án, “pá!” lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ́tẹ̀ yìí ó tún ya kọjá ibi tó ti ya tẹ́lẹ̀. Láfikún, èéfín gílúù yẹn ti mú kí etí ike dúdú yẹn funfun bí ẹni tí kò para.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni bàbá lọ́yà kan tó máa ń tẹ ìwé lọ́dọ̀ mi sọ ohun tí n kò mọ̀. Ó ní wáráńtì tí ṣọ́ọ̀bù kọ nìkan kọ́ ló ń dáàbò bo oníbàárà. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà, Federal Competition and Consumer Protection Act ti ọdún 2018, tó sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ dára, kó sì lálòpẹ́ fún ìwọ̀n àkókò tó bójú mu, bí èèyàn bá lò ó bó ṣe yẹ. Láptọ́ọ̀pù tí kò jábọ́, tí híńjì rẹ̀ ya ní oṣù 14, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní kí n kọ lẹ́tà, kí n má lọ máa pariwo, kí n so ẹ̀dà rìsíìtì àti fọ́tò mọ́ ọn, kí wọ́n sì buwọ́ lu ẹ̀dà tèmi pé àwọn ti gbà á. Bí wọn kò bá dáhùn, kí n gbé e lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà.

Mo kọ ọ́, ojú ewé kan ṣoṣo. Ọjọ́ kẹwàá ni ọ̀gá yẹn pè mí: wọn kò ní gba owó iṣẹ́, owó ike nìkan ni kí n san, ₦70,000. Ẹ rí i, bébà kan ti já ₦25,000 dànù. N kò san án ṣá. Kì í ṣe ìbínú o. Ohun tí bàbá oní-rédíò sọ fún mi lọ́jọ́ tó ṣáájú ni kò jẹ́ kí n san án.

Bàbá yìí ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí Ọjà Ọba láti ìgbà tí mo ti wà ní pírámárì. Mo kàn gbé láptọ́ọ̀pù náà hàn wọ́n ni, n kò tiẹ̀ retí pé wọ́n á fọwọ́ kàn án. Wọ́n tú híńjì náà kúrò, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, irin kékeré tí kò gùn ju ìka mi lọ.

“Yí i.”

Mo yí i. Kò yí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì mú un, mo rọ́jú, ó yí díẹ̀.

“Ṣé o rí i? Ọwọ́ rẹ méjèèjì ò lè yí i, ike lo wá ń retí pé kó máa yí i lójoojúmọ́.”

Wọ́n wá là mí lọ́yẹ̀. Nínú ike òkè, èyí tí kíbọ́ọ̀dù wà lára rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀tì idẹ kéékèèké wà tí wọ́n rì mọ́ inú òpó ike; inú wọn ni skúrù híńjì ń wọ̀. Híńjì fúnra rẹ̀ ní wáṣà tó ń fara gbo ara wọn, kí ojú láptọ́ọ̀pù lè dúró síbi tí èèyàn bá gbé e sí. Gíríìsì ló wà láàárín wọn. Nígbà tí gíríìsì bá gbẹ, tí eruku sì wọ̀ ọ́, híńjì á le. Èèyàn á ṣí ojú rẹ̀, híńjì á kọ̀, agbára ọwọ́ yẹn á wá lọ sára òpó ike, á máa fa nọ́ọ̀tì idẹ yẹn tu bí ẹni ń fa eyín. Bí èèyàn bá tún ń fi ọwọ́ kan ṣí i láti igun, bí tèmi, híńjì ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń jẹ gbogbo ìyà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin Arákálẹ̀ lẹ ike, kò dín líle híńjì kù. Ike ₦70,000 tí ṣọ́ọ̀bù fẹ́ fi sí i náà, híńjì líle yẹn kan náà ni wọ́n á dè mọ́ ọn.

Ọjọ́ Sátidé ni mo tú u nílé. Mo pa á, mo yọ ṣájà, mo dà á dojú bolẹ̀ lórí aṣọ ìnura. Mo ya àwòrán ìdí rẹ̀ sórí bébà, bí mo bá ti tú skúrù kan, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀ lórí àwòrán náà. Ẹ má fo èyí o. Skúrù wọ̀nyẹn kò gùn bákan náà. Bí gígùn bá wọ ihò kúkúrú, ó lè gún kíbọ́ọ̀dù láti abẹ́. Káàdì ATM tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ni mo fi la ẹ̀gbẹ́ ike náà díẹ̀díẹ̀, tó ń dún tọ́, tọ́, tọ́. Bó ṣe ṣí, okùn bátìrì ni mo kọ́kọ́ yọ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé àwòrán lọ sójú rẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ híńjì ló gbà kọjá. Ó ti ha díẹ̀, kò já. Mo rọra yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wá nọ́ọ̀tì idẹ mẹ́ta; méjì wà lẹ́nu skúrù, ẹ̀kẹta ti rì sínú àjákù ike àti ògbólógbòó gílúù, kò ju hóró ọkà bàbà lọ.

Híńjì ló kàn. Ní ìparí ọ̀pá rẹ̀, nọ́ọ̀tì kan wà tó fún gbogbo wáṣà wọ̀nyẹn pọ̀. Mo fi piláyà kékeré dì í mú, mo tú u ní ìdajì ìyípo, mo kó o padà láti dán an wò: ojú láptọ́ọ̀pù náà wó sẹ́yìn bí ọ̀mùtí. Mo ti tú u jù. Mo fún un padà, mo wá ń tú u ní ìdá mẹ́rin ìyípo, títí ọwọ́ kan fi lè yí i, tí ojú rẹ̀ sì dúró fúnra rẹ̀. Mo kán gíríìsì bíńtín sí i. Mo ṣe bákan náà fún ti apá ọ̀tún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ya, torí ìkìlọ̀ bàbá ni pé bí ọ̀kan bá rọ̀ tí èkejì le, èkejì ló máa ya tẹ̀ lé e.

Fún ike, gọ́ọ̀mù four minutes ni mo rà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń dí táǹkì. Túùbù méjì ni, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. Mo ha gílúù àtijọ́ kúrò pátápátá, mo fi sáńdípépà ha ojú ike kó lè di gọ́ọ̀mù mú, mo fi sípíríìtì nù ún. Mo fi fasilíìnì pa eyín skúrù kí gọ́ọ̀mù má baà dè é mọ́ inú nọ́ọ̀tì títí ayé. Mo wá po dúdú àti funfun lọ́gbọọgba lórí ọmọrí agolo títí ó fi di àwọ̀ eérú. Mo fi nọ́ọ̀tì idẹ méjì sáyè wọn, mo mọ gọ́ọ̀mù yí wọn ká bí ẹni ń mọ àárò, mo dè híńjì lé e lórí kí gbogbo rẹ̀ lè gan síbi tó yẹ.

Nọ́ọ̀tì kẹta kò ní òpó mọ́, ó ti fọ́ tán. Ibẹ̀ ni mo ti fi dírììlì lu ihò kọjá sí abẹ́ láptọ́ọ̀pù, lẹ́yìn tí mo yọ bátìrì kúrò níbẹ̀ pátápátá, mo fi bóòtù olórí pẹlẹbẹ gba abẹ́ wọlé. Kò lẹ́wà. Bí mo bá dà á délẹ̀, ó dà bíi bọ́tìnnì tí wọ́n rán sára agbádá tí kì í ṣe tiẹ̀. Àmọ́ òun ló le jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wọ́n kọ four minutes sára gọ́ọ̀mù náà, ẹ má gbà á gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Kó lè le dáadáa, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti dé kí n tó kó o padà, tí mo so okùn bátìrì, tí mo tẹ̀ ẹ́. Ó tàn. Gọ́ọ̀mù, sáńdípépà, bóòtù àti skurudíráfà kékeré, gbogbo rẹ̀ kò ju ₦4,800 lọ. Bàbá oní-rédíò kò gba owó, mínírà tútù kan ni wọ́n gbà.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́wàá báyìí. Mo ti fi tẹ ìwé ètò ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ tí n kò lè kà, kò dún kẹ́rẹ́ kan. Àárín ni mo ti ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣí i. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn ni mo ń bá jà. Àná ni mo tún bá a nídìí rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan fa igun òsì sókè, ó fi ọwọ́ kejì mú búrẹ́dì.