Ọ̀sẹ̀ kan ní ilé ẹ̀kọ́ Lùtérù kékeré: bí a ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ilé àti kíláàsì

Ilé ẹ̀kọ́ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò tóbi: ọmọ ogójì sí ọgọ́ta, tíṣà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kọ́ kíláàsì méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ nínú yàrá kan. Ìjọ ló ni ín, pásítọ̀ sì mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Owó òṣìṣẹ́ kì í tó níbẹ̀. Iṣẹ́ tí òbí kò bá ṣe, tíṣà ni yóò dúró ṣe é nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Àwọn kan á ní òbí ayé ìsinsìnyí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí òbí máa ń gbọ́ ni "ẹ wá ràn wá lọ́wọ́ o". Kì í gbọ́ ọjọ́ wo, aago mélòó, ohun tí yóò mú dání, àti ìgbà tí yóò padà sílé.

Martin Luther, ẹni tí ìjọ Lùtérù ti gba orúkọ rẹ̀, fúnra rẹ̀ kò yọ ilé sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Nínú lẹ́tà tó kọ sí àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Jámánì ní 1524, ó ní kí ọmọkùnrin lo wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, kí ọmọbìnrin lo wákàtí kan, kí wọ́n sì máa fi ìyókù ọjọ́ ṣiṣẹ́ nílé. Nígbà tó gbé Katikísímù Kékeré, ìwé tó ń fi ìbéèrè àti ìdáhùn kọ́ni ní ìgbàgbọ́, jáde ní 1529, olórí ilé ló ní kó fi kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Nítorí náà, tíṣà ló ń bá òbí ṣe iṣẹ́ yìí, òbí kọ́ ló ń bá tíṣà ṣe é.

Fáìlì Ọjọ́bọ̀

Ẹ yan ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìwé yóò máa lọ sílé. Ọjọ́bọ̀ ló dára jù. Ìwé tó bá lọ lọ́jọ́ Ẹtì máa ń sùn nínú báàgì di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí gbogbo ilé ti ń sáré. Èyí tó bá lọ lọ́jọ́bọ̀, òbí lè rí i lálẹ́, kó sì fi ọjọ́ Ẹtì béèrè ohun tí kò yé e.

Ẹ ra fáìlì aláwọ̀ kan náà fún gbogbo ọmọ, kó má jọ fáìlì mìíràn tó wà nínú báàgì. Apá òsì ni ẹ kọ "ó dúró sílé" sí, apá ọ̀tún ni "ẹ dá a padà". Inú rẹ̀ ni ìwé ọ̀sẹ̀ yóò wà, ojú ewé kan péré: àkọ́sórí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, apá Katikísímù tó kàn, ẹsẹ orin ìsìn, ọjọ́ ìdánwò, àti orúkọ àwọn ìdílé tí iṣẹ́ kàn pẹ̀lú aago tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti di ojú ewé méjì, kò sẹ́ni tí yóò ka èkejì. Òbí á buwọ́ lù ú, fáìlì á padà ní ọjọ́ Ajé. Tíṣà tó rí fáìlì tí kò padà lẹ́ẹ̀mejì léra, kó pe ilé náà lórí fóònù. Kó má bá ọmọ wí. Ó lè jẹ́ pé ilé méjì ni ọmọ náà ń gbé nínú ọ̀sẹ̀, tí fáìlì sì wà ní èkejì. Ẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀.

Àkọ́sórí nílé, ìṣẹ́jú márùn-ún lálẹ́

Ibí ni òbí ti ń ṣe gudugudu méje láìfẹsẹ̀ kan ilé ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ṣe é kò dára: wọ́n á gbé ìwé lé ọmọ lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á ní "kà á títí yóò fi wọ orí rẹ". Ọmọ á mọ ìbẹ̀rẹ̀ dáadáa, ìparí á sì fò lọ, nítorí pé gbogbo ìgbà tó bá ṣìnà ló ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ìdí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Jòhánù 3:16. Ẹ gé e sí mẹ́rin níbi tí èémí ti ń sinmi:

Nítorí Ọlọ́run fẹ́ aráyé tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ /
tí ó fi Ọmọ bíbí rẹ̀ kan ṣoṣo fúnni /
kí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbà á gbọ́ má bàa ṣègbé /
ṣùgbọ́n kí ó lè ní ìyè àìnípẹ̀kun.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, òbí á ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ á kàn máa gbọ́, lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ ìlà kẹrin nìkan. Lálẹ́ kejì, ìlà kẹta wọlé, ó sì kà á bọ́ sí ìkẹrin. Lálẹ́ kẹta, ìkejì. Lálẹ́ kẹrin, gbogbo rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà, ibi tí ọmọ ń lọ ni ibi tó ti mọ̀, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Kí ó dárúkọ ìwé, orí àti ẹsẹ níbẹ̀rẹ̀, kó tún dárúkọ rẹ̀ níparí.

Ohun kan tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni Bíbélì tó yàtọ̀ síra. Ti ilé lè jẹ́ ìtumọ̀ àtijọ́, ti ilé ẹ̀kọ́ kó jẹ́ tuntun, ọmọ á wá máa ka ọ̀kan lé èkejì. Èyí tó wà nínú fáìlì ni kí ẹ lò, ẹ jẹ́ kí Bíbélì ilé sinmi fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọmọ tó ń kólòlò tàbí tí ojú ń tì kò gbọ́dọ̀ dúró níwájú kíláàsì. Kó ka tirẹ̀ sí tíṣà létí. Máàkì kan náà ni.

Katikísímù, àti ìṣirò Òfin Mẹ́wàá

Katikísímù Kékeré ní apá mẹ́fà: Òfin Mẹ́wàá, Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, Àdúrà Olúwa, Ìrìbọmi, Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀ṣẹ̀ àti Ara Olúwa (Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa). Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógójì, òfin kan lọ́sẹ̀ kan gba mẹ́wàá. Apá mẹ́ta Ìgbàgbọ́ gba mẹ́fà, nítorí àlàyé wọn gùn, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àdúrà Olúwa gba mẹ́sàn-án: ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ méje, àti ìparí. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló kù fún apá mẹ́ta yòókù. Kíláàsì kékeré á kọ́ ọ̀rọ̀ òfin nìkan. Àwọn àgbà á fi àlàyé kún un, pàápàá àwọn tó ti wà ní kíláàsì ìgbọ́wọ́lé (kọnfamésọ̀n) lọ́dọ̀ pásítọ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún òbí nípa nọ́ńbà o! Òbí tó ti ìjọ Áńgílíkà tàbí Onítẹ̀bọmi wá mọ̀ pé "bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá rẹ" ni òfin karùn-ún. Lọ́dọ̀ Lùtérù, ìkẹrin ni. Ọ̀rọ̀ ère gbígbẹ́ wà nínú òfin kìíní, ojúkòkòrò sì pín sí méjì níparí, òfin kẹsàn-án àti ìkẹwàá, kí gbogbo rẹ̀ lè pé mẹ́wàá. Bí òbí kò bá mọ èyí, yóò máa "tún ọmọ ṣe" lálẹ́, tíṣà á sì tún un ṣe padà láàárọ̀. Ẹ kọ ìlà kan sórí ìwé ọ̀sẹ̀ kìíní nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán.

Nílé, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè Luther wà lẹ́nu yín: "Kí ni èyí?" Òbí á béèrè, ọmọ á dáhùn. Bí òbí pẹ̀lú kò bá mọ ìdáhùn, ẹ yí i padà, kí ọmọ di ẹni tó ń béèrè. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìsìn Ọjọ́rú

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ Lùtérù ń ṣe ìsìn ní àárín ọ̀sẹ̀ nínú ilé ìjọsìn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó. Ìwọlé ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ìṣẹ́jú méjì; orin, mẹ́ta; kíkà, mẹ́ta; ọ̀rọ̀ ìyànjú, méje; Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, ọ̀kan; àdúrà, mẹ́rin; ọrẹ pẹ̀lú orin ìparí, mẹ́rin; ìbùkún, ọ̀kan. Bí pásítọ̀ bá kọjá ìṣẹ́jú méje, àwọn ọmọ kékeré ni yóò sọ fún un, nípa bí wọ́n ṣe ń yí ìdí lórí bẹ́ǹṣì.

Orin kan loṣù kan ni kí ẹ lò, ẹsẹ tuntun lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Orin tí Luther gbé ka Sáàmù 46 ní ẹsẹ mẹ́rin, oṣù kan gbà á rẹ́gí, ó sì bá oṣù kẹwàá mu, nítorí 31 Oṣù Kẹwàá ni àyájọ́ Àtúnṣe Ìjọ. Ẹ má gbé ohùn rẹ̀ ga jù. Ohùn tí ẹgbẹ́ akọrin àgbà ń lò máa ń fún àwọn ọmọ lọ́rùn.

Ọmọ tí yóò ka Bíbélì gbọ́dọ̀ ti kà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí yóò ti kà á gan-an, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kíkà nínú kíláàsì kò tó. Ọmọ tó kúrú á dé ibẹ̀, pẹpẹ ìwé á bo ojú rẹ̀, ẹ̀rín á sọ, ọmọ á sì gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ẹ wá àpótí tó lágbára tí yóò gùn.

Ẹ pe òbí sí ìsìn yìí, kí wọ́n jókòó láàárín àwọn ọmọ, kì í ṣe lẹ́yìn pátápátá níbi tí wọn yóò ti máa yọ fóònù. Ní ti ọrẹ, ẹ sọ ibi tí owó ń lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ibì kan ṣoṣo. Àgbà méjì tí kì í ṣe ẹbí ara wọn ni kó kà á, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, kí iye rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi owó sùn nínú dúrọ́ọ̀ tíṣà. Bó bá dín, òun la ó kọ́kọ́ wò lójú.

Nígbà Lẹ́ńtì, àkókò ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ọ̀pọ̀ ìjọ tún ń ṣe ìsìn ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́rú. Kí tíṣà má fún ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Pípín iṣẹ́

Ẹ ka iṣẹ́ kí ẹ tó ka ènìyàn. Ká ní ọ̀sẹ̀ kan nílò ẹni márùn-ún láti bójú tó oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀kan lójúmọ́. Mẹ́rin láti gbọ́ bí ọmọ ṣe ń kàwé. Ọ̀kan láti gba àlejò níbi ìsìn. Méjì láti tún yàrá ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Àyè méjìlá nìyẹn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógójì, ó di 432. Bí ìdílé bá jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀mẹtàlá tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ló kan ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Ẹ gbé ìṣirò yìí síwájú òbí ní ìpàdé àkọ́kọ́. Wákàtí mẹ́wàá lọ́dún kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Ẹ má lẹ ìwé mọ́ ògiri pé "ẹni tó bá ráyè kó kọ orúkọ". Ìdílé márùn-ún kan náà ni yóò máa kọ ọ́, lọ́dún kejì wọn á sá. Ẹ pín in fún gbogbo ilé, kí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá rọrùn fún wá ẹni tí wọn yóò jọ pààrọ̀, kí ó sì sọ fún akọ̀wé. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ òru, tàbí tó dá tọ́mọ, lè gba iṣẹ́ ilé: gígé káàdì ìkàwé, lílẹ ìwé tó ya, fífọ aṣọ pẹpẹ nígbà tí àwọ̀ bá yí padà, bí i láti àlùkò Lẹ́ńtì sí funfun Àjíǹde. Àwọn bàbá máa ń rò pé iṣẹ́ tiwọn ni gbígbé àga. Ẹ fi wọ́n sí ibi kíkàwé. Ọmọkùnrin tó ń sá fún ìwé lè tẹ́tí nígbà tó bá rí ọkùnrin kan tó jókòó ṣí ìwé.

Kò sí òbí tó gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, bó ti wù kí a mọ̀ ọ́n tó. Ẹ tẹ̀ lé òfin ìlú yín lórí àyẹ̀wò àwọn tó ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́ kí ẹni náà tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ọmọ tí oúnjẹ kan kò bá ara rẹ̀ mu gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹni tó ń pín oúnjẹ lè rí i, kí òbí mìíràn má sì rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù dára.

Àròyé

Ilé kékeré ni, ọ̀rọ̀ máa ń rìn kíákíá. Matiu 18:15 ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ Lùtérù sábà máa ń tẹ̀ lé: lọ bá ẹni tọ́rọ̀ kàn, ìwọ àti òun nìkan. Tíṣà ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ìgbìmọ̀. Òbí tó bá gba ọ̀dọ̀ pásítọ̀ lọ tààrà, kí pásítọ̀ bi í pé, "Ẹ ti bá tíṣà sọ ọ́?" Ẹnu ọ̀nà kíláàsì láàárọ̀ kọ́ ni a ti ń sọ ọ́, nítorí ogún ojú ló ń wo tíṣà. Ẹ ṣètò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí àwọn ọmọ kọrin nínú ìsìn ìjọ. Ẹ kéde ọjọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, nítorí ìdílé tó ní ìjọ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè tọrọ gáfárà níbẹ̀. Kó má ṣe dandan fún wọn. Bí Ara Olúwa bá wà lọ́jọ́ náà, ẹ sọ ìlànà ìjọ fún òbí tí kì í ṣe ọmọ ìjọ láti Ọjọ́bọ̀, nínú fáìlì: ọ̀pọ̀ ìjọ Lùtérù fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gbà á, ẹni tí kò bá sì gbà á lè ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà kí pásítọ̀ súre fún un. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní kíká ọwọ́ yẹn nínú kíláàsì, kí wọ́n sì fi han òbí wọn nílé kí ọjọ́ náà tó pé.