Bọ́ílà ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n
Ẹ̀yin tí ẹ ń wẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀ tó rì, tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ orúkọ ọkọ̀ náà, ẹ má fi afẹ́fẹ́ inú táǹkì yín ṣòfò lórí wíwá agogo rẹ̀ tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ọkọ̀ sí lára kiri. Ìdí bọ́ílà, ìyẹn àgbá irin ńlá tí wọ́n ti ń se omi kí ooru rẹ̀ lè yí ẹ́ńjìnnì, àti ìdí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbà lọ. Pákó á ti jẹrà, irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á ti wó lulẹ̀, ṣùgbọ́n irin bọ́ílà nípọn gan-an, òun ló sábà máa ń ṣẹ́ kù lórí iyanrìn. Ẹ wọn bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ ka ihò ìdáná tó wà níbẹ̀. Bí ìdérí sìlíńdà ẹ́ńjìnnì (ihò róbótó tí písítínì ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀) bá ti ṣí, ẹ wọn fífẹ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé Lloyd's Register àtijọ́, tó to orúkọ àwọn ọkọ̀ òkun àti àlàyé wọn, máa ń kọ iye bọ́ílà, iye ihò ìdáná àti fífẹ̀ sìlíńdà ní ínǹṣì, nítorí náà nọ́ńbà mélòó kan péré lè yọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kúrò lára àwọn tí ẹ ń fura sí. Omi tútù máa ń mú kí ìka kú tipiri nínú ìbọ̀wọ́, nọ́ńbà wẹ́wẹ́ ara téèpù kì í sì í ṣeé kà dáadáa. Okùn tí kì í nà ni kí ẹ mú dání: ẹ fi kílíìpù dá ibi tó dé mọ̀, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n lókè. Ìta ni gbogbo èyí ti ṣeé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí rẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí wọ́n pààrọ̀ bọ́ílà wọn nígbà tó yá, torí náà bí bọ́ílà àti ẹ́ńjìnnì kò bá bá ara wọn mu nínú ìwé, ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ gbà gbọ́.