Nerikiri àti matcha: bí a ṣe ń sọ ẹ̀wà di òdòdó

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí, tó sì ti bó ẹ̀wà àkàrà rí, ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí kó tó fọwọ́ kàn án. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sídìí tábìlì ní ìlú Kyoto, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àlejò bí wọ́n ṣe ń ṣe wagashi. Èrò mi ni pé ṣúgà àti aró ni gbogbo ẹ̀. Àfìgbà tí olùkọ́ wa, màmá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní sensei, ṣí aṣọ lórí abọ́ kan, tí mo rí ẹ̀wà funfun tó ti silẹ̀ sábẹ́ omi, tó jókòó jẹ́jẹ́ bí ògì ọjọ́ kejì. Ẹ̀rín pa mí.

Wagashi ni orúkọ tí àwọn ará Jàpáànì ń pe ìpápánu dídùn ìbílẹ̀ wọn, kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára kéèkì àti irú rẹ̀ tó ti ilẹ̀ òyìnbó wá. Oríṣi rẹ̀ pọ̀. Èyí tí a fẹ́ ṣe ni nerikiri: ẹ̀wà funfun tí a fi ṣúgà rò, tí a fi ìyẹ̀fun ìrẹsì díẹ̀ mú kó máa fà, tí a wá fi ọwọ́ mọ bí òdòdó tàbí ewé tó bá àsìkò mu. Nígbà ìrúwé, òdòdó sakura ni. Ní oṣù kẹfà tí òjò wọn ń rọ̀, òdòdó ajisai tí òyìnbó ń pè ní hydrangea ni. Ní oṣù kọkànlá, ewé igi tó ti pọ́n. Wọ́n máa ń gbé e síwájú àlejò kí wọ́n tó fún un ní matcha, ìyẹn ewé tíì tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì fi omi gbígbóná pò, torí matcha korò, wọn kì í sì í fi ṣúgà sí i. Ìdí nìyí tí nerikiri fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìsí matcha lẹ́yìn rẹ̀ máa ní ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sì jẹ̀bi.

Ohun tí ẹ máa wá sílẹ̀

Fún bíi méjìlá, ẹ wá 200 gíráàmù ẹ̀wà funfun ńlá, èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà lórúkọ butter beans. Ẹbí awùjẹ ni. Ẹ wá 100 gíráàmù azuki, ìyẹn ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ wọn, bíi 300 gíráàmù ṣúgà funfun, àti 10 gíráàmù shiratamako, ìyẹ̀fun ìrẹsì alálẹ̀mọ́. Ẹ má fi ìyẹ̀fun ìrẹsì tùwó rọ́pò rẹ̀ o, kò ní fà. Ẹ tún wá asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré, aṣọ funfun méjì tó mọ́, òṣùwọ̀n ilé ìdáná, àti aró oúnjẹ ní àwọ̀ tó bá wù yín.

Azuki àti ẹ̀wà tí a fi ń dín àkàrà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kódà ẹ̀wà tiwa gan-an wà lọ́dọ̀ wọn, sasage ni wọ́n ń pè é. Tí àwọn ará agbègbè Tokyo bá fẹ́ se ìrẹsì pupa tí wọ́n ń jẹ níbi ayẹyẹ, sasage ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi sí i. Wọ́n ní ikùn azuki máa ń là tó bá ń hó, àwọn jagunjagun samurai ayé àtijọ́ kò sì fẹ́ rí ikùn tó là lọ́jọ́ ayọ̀, torí ó ń rán wọn létí bí samurai ṣe ń fi ọ̀bẹ la ikùn ara rẹ̀ láti pa ara rẹ̀. Mo ti fi ẹ̀wà olóyin dán iṣẹ́ yìí wò. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òórùn àkàrà ò kúrò lára rẹ̀, ọkàn mi ò sì gbà á.

Ẹ̀wà ni iṣẹ́ náà

Ẹ rẹ ẹ̀wà funfun sómi di ọjọ́ kejì, kí ẹ bó gbogbo èèpo rẹ̀. Ẹ gbé e kaná. Tó bá hó, ẹ da omi yẹn nù, kí ẹ bu tuntun sí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ má fo èyí, torí oró díẹ̀ máa ń wà lára ẹbí awùjẹ, omi àkọ́sè ló sì ń gbé e lọ. Azuki kò nílò kí a rẹ ẹ́ tàbí kí a bó o, ẹ ṣáà da omi àkọ́hó rẹ̀ nù kí kíkan ẹnu rẹ̀ lè lọ. Ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ fi se méjèèjì, títí tí hóró kan á fi fọ́ láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó kéré jù. Mo sọ ìka tó kéré jù torí kò lágbára. Tí òun bá lè fọ́ ọ, ó ti jinná.

Ibi tí ògì ti wọ̀ ọ́ rèé. Ẹ da ẹ̀wà sínú asẹ́, ẹ gbé asẹ́ sórí abọ́ ńlá, kí ẹ máa da omi sí i, kí ẹ máa fọwọ́ rà á títí tó fi jẹ́ pé èèrí nìkan ló kù lókè. Ẹ jẹ́ kí ohun tó wà nínú abọ́ silẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ da omi orí rẹ̀ nù díẹ̀díẹ̀ bí ẹni da omidùn, kí ẹ bu omi tútù mìíràn sí i, kí ó tún silẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, omi náà á ti tòrò. Ẹ wá da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú aṣọ, kí ẹ fún un dáadáa. Ohun tó bá kù kò ní dùn rárá, á sì máa rún bí iyanrìn tútù.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Gbogbo 100 gíráàmù, 55 gíráàmù ṣúgà ni tirẹ̀. Ẹ da méjèèjì sínú ìkòkò pẹ̀lú omi díẹ̀, kí ẹ máa fi orógùn rò ó lórí iná tí kò pọ̀. Á kọ́kọ́ ṣàn, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹ̀kọ tó ń hó, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Tí ẹ bá fi orógùn fa ìlà, tí ìdí ìkòkò hàn, tí ìlà náà kò sì tètè padé, ó ti tó. Funfun ni wọ́n ń pè ní shiroan, pupa tí a sẹ́ ni koshian. Wọ́n ń ta méjèèjì ní sísè nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà. Ẹni tó bá ra pupa, mi ò bá a wí. Ṣùgbọ́n kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ se funfun lẹ́ẹ̀kan, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́.

Láti shiroan dé nerikiri

Ẹ mú 300 gíráàmù shiroan, kí ẹ tún gbé e kaná tàbí sínú màkirowéfù, kí omi ara rẹ̀ lè dín kù. Bí ó ṣe yẹ kó gbẹ tó ló máa ń ṣòro jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Sensei kò sọ ìṣẹ́jú mélòó fún wa. Ó kàn na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ síta, ó fi kan ẹ̀wà náà, ó sì gbé e hàn wá: kò sí ohunkóhun lára rẹ̀. Ó ti gbẹ nìyẹn. Tèmi ò gbẹ tó lọ́jọ́ yẹn, òdòdó tí mo mọ sì tẹ́ pẹrẹsẹ kí n tó parí ewé rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo sọ pé n ó gbọ́n, mo yan án títí, gbogbo etí rẹ̀ sì là bí ẹsẹ̀ inú ọyẹ́.

Bó ṣe ń gbẹ lọ́wọ́, ẹ fi 20 mílílítà omi po shiratamako díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní kókó mọ́, kí ẹ da 20 gíráàmù ṣúgà sí i, kí ẹ rò ó lórí iná tàbí nínú màkirowéfù títí tó fi ń dán, tó sì ń fà bí iyán gbígbóná. Gyuhi nìyẹn. Ẹ dà á lu shiroan gbígbóná, kí ẹ rò wọ́n pọ̀ kí wọ́n di ọ̀kan.

Ẹ dà á sórí aṣọ tútù tí ẹ ti fún, kí ẹ pò ó, kí ẹ já a sí wẹ́wẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ kalẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn. Ẹ tún kó o jọ, ẹ tún pò ó, ẹ tún já a. Lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kíní, ó máa pọ́n díẹ̀, á sì lẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, á ti funfun sí i, á sì rọ̀ bí etí ọmọdé.

Bí a ṣe ń mọ ọ́n

Ẹ ya bí ìdámẹ́ta sọ́tọ̀, kí ẹ kán aró sí i. Orí abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi mú aró o, kì í ṣe ṣíbí. Àwọ̀ tó bá pariwo ti bàjẹ́ lójú wọn. Ẹ pín nerikiri sí 25 gíráàmù, kí ẹ yí koshian sí bọ́ọ̀lù 15 gíráàmù. Ẹ tẹ́ nerikiri pẹrẹsẹ ní àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ gbé bọ́ọ̀lù pupa sáàárín, kí ẹ máa yí i kiri bí ẹ ṣe ń fi ìka ti etí rẹ̀ gòkè títí ẹnu rẹ̀ á fi dé.

Àrà tó rọrùn jù fún ìbẹ̀rẹ̀ ni ti aṣọ. Ẹ lẹ àwọ̀ díẹ̀ mọ́ orí bọ́ọ̀lù náà, ẹ fi aṣọ tútù wé e, kí ẹ lọ́ ọrùn aṣọ náà, kí ẹ tẹ orí rẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá tú u, ojú ìlọ́ yẹn ti di òdòdó. Tó bá wù yín kó jẹ́ sakura, ẹ fi igi pẹlẹbẹ fa ìlà márùn-ún láti àárín bọ́ọ̀lù wá sí etí, kí ẹ fi àtàǹpàkò fa ewé kọ̀ọ̀kan síta. Ẹ fi aṣọ tútù bo àwọn tó kù, atẹ́gùn kì í pẹ́ bà wọ́n jẹ́. Ọjọ́ náà ló yẹ kí a jẹ ẹ́.

Matcha

Ewé tíì tí wọ́n ta ìbòji lé lórí fún bí ogúnjọ́ kí wọ́n tó já a ni wọ́n ń lọ̀ di matcha, bíi ti oko tó yí Uji ká nítòsí Kyoto. Ọlọ òkúta kan kì í lọ̀ ju bíi 40 gíráàmù lọ ní wákàtí kan, ẹ ò ní bi mí ìdí tó fi wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "ceremonial" tí wọ́n kọ sára agolo tàn yín. Kò sí òfin tó dè é. Àwọ̀ ni kí ẹ wò: kó tutù yọ̀yọ̀, kó má pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Chasen ni wọ́n fi ń po ó. Ègé ọparun kan ṣoṣo ni wọ́n là sí wẹ́wẹ́, Takayama ní ìpínlẹ̀ Nara ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù. Ó jọ ìjábẹ̀, àmọ́ ẹ má jà á bí ewédú. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí ẹnu rẹ̀ má baà kán, kí ẹ fi omi yẹn náà mú abọ́ gbóná, kí ẹ dà á nù, kí ẹ nu abọ́ gbẹ. Ẹ fi asẹ́ tíì sẹ́ matcha 2 gíráàmù sínú rẹ̀, torí kókó tó bá wọlé kò ní tú mọ́. Ẹ da omi híhó sínú ife kan, kí ẹ tún dà á sínú òmíràn. Á ti sún mọ́ 80°C. Ẹ bu bíi 70 mílílítà sí i. Ọrùn ọwọ́ nìkan ni kó máa ṣiṣẹ́, lọ síwá lọ sẹ́yìn kíákíá, kí ẹnu chasen má kan ìdí abọ́. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá ogún, ìfófòó wẹ́wẹ́ á ti bo ojú rẹ̀. Urasenke, ọ̀kan lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní ètò matcha, fẹ́ kí ìfófòó bò ó pátá. Omotesenke, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, kì í jẹ́ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Omi lásán ni kí ẹ fi ṣan chasen, láìsí ọṣẹ. Ẹ má sì mu ún lálẹ́, agbára káfíìnì inú abọ́ kan kì í ṣe eré.

Kí matcha tó dé iwájú yín, ẹ jẹ nerikiri tán, kí adùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu. Ẹ gbé abọ́ lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, ẹ fi ọ̀tún yí i díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnu yín má baà bọ́ sí ojú tó lẹ́wà jù lára rẹ̀, kí ẹ tó mu. Èyí tó kẹ́yìn, ẹ fà á pẹ̀lú ariwo. Nílé wa, wọ́n á ní a ò ní ẹ̀kọ́. Níbẹ̀, ẹni tó pò ó á gbọ́ ọ, á sì mọ̀ pé abọ́ ti gbẹ.