Kẹ́míìsì kò ní ta Ampiclox fún yín: ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti ìtọ́jú àrùn ìbálòpọ̀ ní England

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù ni ojú ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ṣe bí a ti ń ṣe nílé: mo wọ kẹ́míìsì, mo ní kí wọ́n ta Ampiclox fún mi. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ní àfi tí dókítà bá kọ ọ́. Mo rò pé ó rí i pé àlejò ni mí ló ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tó oṣù kan kí n tó mọ̀ pé òfin ni, pé kò sí ẹni tí wọ́n ń ta irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún láìsí ìwé dókítà. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé thrush lásán, ìyẹn èébu tó máa ń mú ojú ara yún, ló ń ṣe mí, Ampiclox a sì máa dá kún thrush ni. Oògùn tó ń wò ó wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn ọmọbìnrin yẹn, kò sì nílò ìwé kankan. Ká ní mo sọ ohun tó ń ṣe mí ni, dípò kí n máa dárúkọ oògùn, ì bá ti gbé e fún mi.

Ẹ gbàgbé "toilet infection" pẹ̀lú. Nọ́ọ̀sì ibí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ń yún yín ni, ṣé ó ń ta yín bí ẹ bá ń tọ̀, ṣé nǹkan ń dà lára yín, àwọ̀ wo ló ní, ṣé ó ń rùn? Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

Owó ló máa ń ba ọ̀pọ̀ wa lẹ́rù. Ọ̀fẹ́ ni ìfètò-sọ́mọ-bíbí lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba. Ní 2025, £9.90 ni wọ́n ń gbà ní England lórí oògùn kọ̀ọ̀kan tí dókítà bá kọ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní san kọ́bọ̀ lórí ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú àrùn ìbálòpọ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn, físà yòówù tí ẹ ní, kódà bí físà bá ti tán. Láti oṣù kẹwàá 2012 ni ti HIV náà ti wọ inú rẹ̀. Oyún ṣíṣẹ́ àti ìtọ́jú ẹni tó ń wá ọmọ kò sí nínú rẹ̀ o.

Ẹ lè lọ bá GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò tí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibi tí èmi fẹ́ràn ni sexual health clinic, ilé ìwòsàn tó wà fún ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Ẹ kò nílò GP kí ẹ tó lọ, ẹ sì lè wọ ọkọ̀ lọ sí ti àdúgbò mìíràn bí ẹ kò bá fẹ́ kí ará ṣọ́ọ̀ṣì rí yín lórí ìjókòó. Wọn kì í fi èsì ránṣẹ́ sí GP láìjẹ́ pé ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Nílé, nọ́ọ̀sì míì á ní kí ẹ lọ mú ọkọ yín wá fọwọ́ sí i. Kò sí ìyẹn níbí. Bó bá jẹ́ orí físà ọkọ yín lẹ gbà wọlé, kò sí ẹni tí yóò pè é. Mi ò ní kí ẹ máa fi nǹkan pamọ́ fún ọkọ. Mo kàn ní ẹnu yín ni yóò ti gbọ́ ọ, bí yóò bá gbọ́.

Oògùn oníhóró tí a ń lò lójoojúmọ́ kí a má bàa lóyún, oríṣi méjì ni. Èyí tó ní hòmóònù méjì kò yẹ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí, tàbí ẹni tó ti pé ọdún 35 tó ṣì ń mu sìgá. Oníhòmóònù kan ni wọ́n sábà máa ń fún irú wọn. Láti oṣù kejìlá 2023, ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì lè bẹ̀rẹ̀ èyíkéyìí nínú méjèèjì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ láìjẹ́ pé ẹ rí dókítà.

Ẹni tó máa ń gbàgbé nǹkan, kí ó yáa wo àwọn yòókù. Abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ 13 síra wọn. Ọ̀pá tín-ín-rín wà tí wọ́n ń ki bọ abẹ́ awọ apá, ó ń lo ọdún 3. Kọ́ìlì oníbàbà, tí wọ́n ń fi sínú ilé-ọmọ, ń lo ọdún 5 sí 10, Mirena tó jẹ́ kọ́ìlì oníhòmóònù sì lè lo ọdún 8. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ láìpẹ́, kí ó ro ti abẹ́rẹ́ dáadáa: ó lè tó ọdún kan lẹ́yìn èyí tó gbà gbẹ̀yìn kí oyún tó lè dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, nítorí òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwa àti àwọn ìyá wa lórí WhatsApp. Abẹ́rẹ́, ọ̀pá apá àti kọ́ìlì oníhòmóònù lè mú kí nǹkan oṣù dín kù, tàbí kí ó má wá mọ́ rárá. Màmá á ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ń kó jọ síkùn, yóò di fáíbírọ́ìdì. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò kó jọ. Awọ inú ilé-ọmọ tó máa ń nípọn lóṣooṣù ló ń ya dànù tí a ń pè ní nǹkan oṣù. Hòmóònù yẹn kò jẹ́ kí ó nípọn, nítorí náà kò sí ohun tí yóò ya. Kọ́ìlì oníhòmóònù yìí kan náà ni dókítà ń lò fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya bí omi. Oníbàbà ló lè mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí náà bí tiyín bá ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ Postinor, levonorgestrel ni ẹ ó béèrè níbí. Ọjọ́ 3 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ni àyè rẹ̀. EllaOne, hóró mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ọjọ́ 5. Kọ́ìlì oníbàbà tí wọ́n bá fi sí láàárín ọjọ́ 5 ló dájú jù, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ìyẹn fún mi nígbà tí mo wà nílé. Wọn kò sọ ti ìwọ̀n náà fún mi: bí ẹ bá ju kílò 70 lọ, levonorgestrel kan lè má ká a, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n lè fún yín ní ellaOne tàbí kí wọ́n fi kún un. Láti oṣù kẹwàá 2025, ọ̀fẹ́ ni hóró yìí ní kẹ́míìsì tó ń bá NHS ṣiṣẹ́ ní England. Omi iyọ̀ kì í dènà oyún.

Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kọ́ńdọ̀mù nìkan ló ń dènà àrùn. Chlamydia, ọ̀kan nínú àrùn ìbálòpọ̀, lè wà lára ẹni kó má sì ṣe é ní nǹkan kan, nítorí náà ẹ má dúró de àmì. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, wọ́n á fi ohun àyẹ̀wò ránṣẹ́ sílé yín bí ẹ bá béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Doxycycline ọjọ́ 7 ni wọ́n sábà ń fún ẹni tó ní chlamydia. Penicillin ni wọ́n ń gún fún rẹ́kórẹ́kó. Atọ̀sí ti di alágídí sí ọ̀pọ̀ oògùn oníhóró, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni wọ́n ń gún, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di àgbo atọ̀sí sínú báàgì fún yín.

Wọn á béèrè ẹni tí ẹ ti bá lò pọ̀. Wọ́n lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí onítọ̀hún láìdárúkọ yín. Bí ẹ bá lo oògùn tí òun kò lò, ẹ ó tún kó o padà. Ẹni tí HIV lè tètè ràn lè gba PrEP, oògùn tó ń dènà HIV, lọ́fẹ̀ẹ́ ní clinic kan náà. Ẹni tó ti ní i, tó ń lo oògùn rẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà mọ́, kì í kó o ran ẹni tó ń bá lò pọ̀.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń dí màmá tàbí ìyàwó yín lọ́wọ́, nígbà tí ẹ bá ń gba àpọ́ǹmẹ́ǹtì ni kí ẹ ti béèrè ògbufọ̀ Yorùbá. NHS ló ń san owó rẹ̀, orí fóònù ni wọ́n sì sábà máa ń ti bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má mú ọmọ ọdún 12 lọ túmọ̀ atọ̀sí.