Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Sáílẹ́ńsà Hilux Yín: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Ó Yẹ

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wa Hilux nílẹ̀ wa ni wọ́n ti sọ fún pé bí wọ́n bá yọ sáílẹ́ńsà tó bá ọkọ̀ wá, tí wọ́n sì fi páìpù tó fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ náà yóò máa sáré sí i, epo tó ń jẹ yóò sì dín kù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló kàn, owó tó ń bá iṣẹ́ náà rìn kò sì kéré. Hilux oníbẹntiróòlù tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.7 ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, àgbẹ̀ àti iléeṣẹ́. N ó mẹ́nu kan oní-dísẹ́ẹ̀lì níbi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá ti yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń mú kí èèyàn ronú àtipààrọ̀ páìpù èéfín: ó lè fẹ́ kí ọkọ̀ lágbára sí i, ó lè fẹ́ kí ohùn rẹ̀ yí padà, ó sì lè jẹ́ pé èyí tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ pinnu èyí tó jẹ́ tiyín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ kankan, torí pé ẹni tó bá lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, láìmọ ohun tó ń wá, ohun tí wọ́n bá ní lọ́wọ́ ni wọn yóò tà fún un. Bí ọkọ̀ bá ń jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí kò fà mọ́ bó ṣe ń fà nígbà tí ẹ rà á, nǹkan kan ló bàjẹ́ lára rẹ̀, ohun náà ló sì yẹ kí ẹ wá rí. Páìpù ńlá kò ní tún un ṣe.

Ẹ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò

Àárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ni kí ẹ ṣe èyí. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ fi igi tàbí òkúta dá táyà dúró, kí ẹ sì gbé e lé orí sítáǹdì. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí páìpù ti jáde lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tọ̀ ọ́ lọ sẹ́yìn: mánífóòdù (páìpù tó ń gba èéfín lẹ́nu ẹ́ńjìnnì), kátálísì (agolo tó ń dín májèlé inú èéfín kù), sáílẹ́ńsà, títí dé ẹnu páìpù. Ẹ tẹjú mọ́ ibi tí bóòtù àti gáàsìkẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín wọn kí èéfín má bàa jò) ti so páìpù kan mọ́ òmíràn. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n dúdú tó fọ́n jáde láti etí ibẹ̀, ibẹ̀ ni èéfín ń gbà jò. Ẹ fi ọwọ́ mi páìpù wò, kí ẹ mọ̀ bóyá rọ́bà tó gbé e kọ́ ti já, kí ẹ sì fi ìdí súkúrudíráfà tẹ àwọn ibi tó ti dípẹtà, nítorí pé irin tó ti jẹrà láti inú lè ṣì máa dán lóde.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ní ìta gbangba, kí ẹnì kan tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíràn sì wọ ìbọ̀wọ́, kó fi aṣọ tó nípọn dí ẹnu páìpù fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí kò bá sí ibi tó ń jò, èéfín yóò máa ti aṣọ náà kúrò. Bí ó bá sì ń jò, ẹ óò gbọ́ ìró ṣíì-ṣíì láti ibi tí ihò wà. Ihò tó bá sún mọ́ ẹ́ńjìnnì ló burú jù, torí pé afẹ́fẹ́ ìta máa ń gba ibẹ̀ wọlé lọ bá sẹ́ńsọ̀ oxygen (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn oxygen inú èéfín), sẹ́ńsọ̀ náà yóò jẹ́ kí brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) rò pé epo kò tó, brain box yóò sì máa da epo kún un. Gáàsìkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ti jóná lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ ọkọ̀ di ọ̀mu-epo, tí olówó rẹ̀ yóò sì máa wá owó páìpù tuntun kiri.

Kátálísì

Nínú gbogbo ẹ̀yà tó wà lójú ọ̀nà èéfín, kátálísì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ lé lórí jù. Agolo irin ni lóde, ṣùgbọ́n sérámíìkì oníhò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi platinum, palladium àti rhodium bò. Bí èéfín gbígbóná bá ń gba inú àwọn ihò náà kọjá, carbon monoxide, èyí tó lè pa èèyàn láìní òórùn kankan, àti epo tí kò jó tán, àti nitrogen oxide, yóò yí padà di carbon dioxide, omi àti nitrogen. Àwọn irin mẹ́ta yẹn wọ́n púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń ra kátálísì àlòkù fi ń kiri ọgbà mẹkáníìkì, tí àwọn oníṣẹ́ kan sì fi ń sọ fún oníbàárà pé ó ń dí ọkọ̀ lọ́nà àti pé kò wúlò nílẹ̀ wa.

Mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Kátálísì tó dára kì í dí èéfín lọ́nà débi tí awakọ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n lára. Èyí tó ti yọ́ tàbí tó ti fọ́ ló ń dí i. Ẹni tó bá sì yọ ọ́ kúrò ń da májèlé náà sí imú àwọn tó ń tajà lójú títì àti àwọn ọmọ iléèwé tó wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ lè ti pàdánù inú kátálísì rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ wo ara agolo náà yí ká. Ojú ìjórin ti iléeṣẹ́ máa ń tẹ́, ó sì máa ń dọ́gba, ṣùgbọ́n ti jórinjórin ọ̀nà máa ń ṣe kókó-kókó. Bí ẹ bá rí irú ojú ìjórin bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ agolo, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti là á, kí wọ́n kó inú rẹ̀, kí wọ́n sì jó o padà. Ẹ fi òòlù onírọ́bà rọra kàn án: èyí tí inú rẹ̀ pé yóò dún wúwo, èyí tó ṣófo yóò dún bí agolo lásán, èyí tó ti fọ́ yóò sì máa dún wóró-wóró.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n

Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Kí ẹni tó ní ẹ̀rọ skáàn, èyí tó ń ka àmì àṣìṣe inú brain box, fi í sára ọkọ̀. Bí àmì P0420 bá jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé brain box rí i pé kátálísì kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, àmọ́ ibi tó ń jò lè fa àmì kan náà, torí náà ẹ dí ibi tó ń jò ná. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, ẹ wo sẹ́ńsọ̀ oxygen kejì, èyí tó wà lẹ́yìn kátálísì: ó yẹ kí iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Bó bá ń lọ sókè sódò láìsinmi, agbára kátálísì ti tán.

Ìwọ̀n kejì ni ti agbára tí èéfín fi ń ti ẹ́ńjìnnì padà. Mẹkáníìkì yóò yọ sẹ́ńsọ̀ oxygen tó wà níwájú kátálísì, yóò sì fi géèjì sí ihò rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yípo ní 2,500 RPM (iye ìgbà tó ń yípo láàárín ìṣẹ́jú kan), kò yẹ kí géèjì náà kọjá nǹkan bí 3 psi (ìwọ̀n agbára títì). Bó bá kéré sí èyí, páìpù tí ẹ ní kò dí ẹ́ńjìnnì lọ́nà, kò sì sí ohun tí páìpù ńlá fẹ́ tú sílẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, kátálísì tó yọ́ tàbí sáílẹ́ńsà tí inú rẹ̀ wó ni kí ẹ wá. Kí ẹ tó ra kátálísì mìíràn, ẹ ṣe ìwádìí ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì, tàbí plọ́ọ̀gì tí kì í jó dáadáa, yóò ba tuntun náà jẹ́.

Agbára tí ẹ lè rí níbẹ̀

Ẹ́ńjìnnì 2.7 yìí ní nǹkan bí agbára ẹṣin 160. Bí ẹ bá pààrọ̀ páìpù láti ẹ̀yìn kátálísì dé ìparí, tí gbogbo nǹkan tó kù sì wà bó ṣe wà, èrè rẹ̀ kì í sábà kọjá agbára ẹṣin 5 sí 10, òkè RPM ni ẹ óò sì ti rí i, níbi tí ọkọ̀ ẹrù kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Páìpù tó fẹ̀ jù máa ń jẹ́ kí èéfín rìn jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yípo díẹ̀, èyí sì lè mú kí ọkọ̀ tó kó àpò sìmẹ́ǹtì tàbí iṣu máa ṣọ̀lẹ nígbà tó bá fẹ́ ṣí lórí òkè. Ti oní-dísẹ́ẹ̀lì tó ní turbo (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) yàtọ̀ díẹ̀: bí ọ̀nà èéfín bá ṣí lẹ́yìn turbo, turbo náà yóò tètè jí, ṣùgbọ́n èrè tó ṣeé fojú rí kò ní wá bí wọn kò bá tún brain box tò, owó mìíràn sì nìyẹn.

Nítorí náà, èrò mi ni pé ẹni tí páìpù tirẹ̀ ti jẹrà, tó sì gbọ́dọ̀ ra òmíràn lọ́nàkọnà, ló yẹ kó ronú nípa èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá tó bá ń gbé ní ẹ̀bá òkun, bíi Lẹ́kí tàbí Badagry, níbi tí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti ń jẹ irin. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì pé, kó fi owó náà ra táyà.

Ohùn àti òfin

Bí ohùn ni ẹ ń wá, ẹ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn tó ti ṣe irú rẹ̀, kí ẹ sì bá a rìn jìnnà ní òpópónà márosẹ̀, láìtan rédíò. Ohùn tó dùn létí ní ìsàlẹ̀ ilé lè máa hó gùù láìdáwọ́ dúró ní nǹkan bí 2,000 RPM, ibi tí ẹ óò wà láti Ìbàdàn dé Èkó. Àwọn FRSC ka èéfín tó pọ̀ lápọ̀jù sí ẹ̀ṣẹ̀ ojú títì. Bákan náà, àwọn ará wa tó ń wa píkọ́ọ̀pù ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ka yíyọ kátálísì léèwọ̀, àti pé ní California, 95 decibel ni òpin ariwo fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Ní Britain, ọkọ̀ tó yẹ kó ní kátálísì tí kò ní i kò lè yege nínú MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún wọn.

Bí ẹ bá ti pinnu láti ṣe é

Stainless 304, oríṣi irin tí kì í tètè dípẹtà, ló dára jù láti dènà ìpẹtà, òun ló sì wọ́n jù. Òòfà kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Òòfà máa ń lẹ̀ mọ́ 409, stainless náà sì ni, torí náà ẹ má ṣe tètè pe ẹni tó ń tà á ní oníjìbìtì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kó sọ èyí tó jẹ́, kí owó rẹ̀ sì bá a mu. Ẹ yẹ ibi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́nà wò: bí ibẹ̀ bá ti pẹlẹbẹ, èéfín kò ní rí àyè kọjá, bó ti wù kí ibi yòókù fẹ̀ tó.

Ẹ rí i pé jórinjórin tú orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù kó tó tan iná rẹ̀, nítorí brain box. Kí páìpù jìnnà sí táǹkì epo, ọ̀pá bíréèkì àti táyà àfirọ́pò tó wà lábẹ́ ọkọ̀, kí irin tó ń dá ooru dúró sì padà sí àyè rẹ̀. Ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ kọjá ara ọkọ̀ síta pátápátá. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà: àwọn òṣìṣẹ́ máa ń jókòó sẹ́yìn Hilux, nígbà mìíràn lábẹ́ tapólì, èéfín tó bá sì ń kóra jọ sọ́dọ̀ wọn lè pa wọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbóòórùn rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ dá a padà kí wọ́n tún àwọn bóòtù fún, nítorí pé irin tó ń gbóná tó sì ń tutù máa ń tú u, kí ẹ sì tún fi aṣọ dán ẹnu páìpù wò bíi ti ìṣáájú. Bí iná check engine bá tàn láàárín àkókò yẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kàn fi skáàn pa á. Ẹ ní kí wọ́n ka àmì náà fún yín, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó jó o kí ẹ tó san owó tó kù.